Kíkà Dé Ogún

Aago méje àárọ̀. Ọjọ́ Àìkú ni, 27 oṣù Kínní, ọdún 2002. Ọyẹ́ bo etí ọ̀sà ní Bàrígà. Afárá Third Mainland kò hàn tán. Mọ́tò tó ń gba orí rẹ̀ kọjá ń yọ jáde nínú kùrukùru, ó sì ń wọ inú rẹ̀ padà. Àwọn apẹja Ìlàjẹ ti dé láti orí omi. Wọ́n ń tú àwọ̀n. Obìnrin méjì jókòó lórí iyanrìn, wọ́n ń ṣa ẹja ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára kékeré.

Ojú omi mọ́ lónìí. Koríko olómi tó máa ń dí ọkọ̀ lọ́nà nígbà òjò ti dín kù. Ọdún 1984 ló gba ojú omi láti orílẹ̀-èdè Benin wọ ìhà Badagry, kó tó tàn ká gbogbo ọ̀sà. Ó jọ òjúoró, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun: ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, òdòdó rẹ̀ fẹ́ jọ àwọ̀ àlùkò. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi iyọ̀ a ti òkun wọ ọ̀sà, a sì pa á. Kì í pa èyí tó wà nínú kánáàlì àárín ìlú. Omi iyọ̀ kì í dé ibẹ̀. Níbẹ̀, ewé a máa gun orí ewé títí omi abẹ́ rẹ̀ kò fi ní í hàn mọ́.

Aago mẹ́sàn-án. Ilé alájà kan wà ní Akoka, kò jìnnà sí St. Finbarr's Road. Irú rẹ̀ pọ̀ ládùúgbò náà; ọ̀kan tó dúró fún ọ̀pọ̀ nìyí, a kò sì ní í dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Yàrá mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín. Gíláàsì lúfà ni gbogbo fèrèsé. Géètì onírin kan ṣoṣo ló jáde sí títì. Àgádágodo ńlá wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lára ìdì kọ́kọ́rọ́ tí Bàbá Láńlọ́ọ̀dù so mọ́ ìdí ṣòkòtò.

Àwọn tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ti lọ. Bàbá kò lọ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ṣọ́jà ni nígbà ogun abẹ́lé, lára àwọn tó ń yin àgbá. Ó gbé rédíò sórí àga, ó ń bó ọsàn.

Ìròyìn kò dáa láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ní 23 oṣù Kejìlá, wọ́n yìnbọn pa Bọ́lá Ìgè, Mínísítà fún ètò Ìdájọ́, nínú ilé rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún tuntun wọlé, wọ́n gbé owó bẹntiróòlù láti náírà 22 sí 26. Ní 16 oṣù yìí, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC daṣẹ́ sílẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń pa ará àdúgbò lẹ́rìn-ín ni bọ́ọ̀lù: Super Eagles wà ní Màlì fún Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, ọ̀la ni wọn yóò sì bá Liberia gbá. Àwọn ológun kò tíì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbé ìjọba sílẹ̀. Bí ilẹ̀kùn bá gbá lójijì ní Èkó lásìkò yìí, ṣọ́jà ló kọ́kọ́ ń wá síni lọ́kàn.

Aago kan ọ̀sán. NEPA mú iná lọ. Obìnrin aránṣọ tó wà nísàlẹ̀ sún maṣíìnì rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà kí ó lè rí ojú abẹ́rẹ́. Aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́jọ́ Sátidé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sùn lórí ẹní lábẹ́ tábìlì. Ọkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ibi iṣẹ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé ní Ìsọlọ̀ pẹ̀lú ọmọ méjì. Ó yẹ kó wá lónìí, kò sì wá. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nínú ilé, ti ilé-iṣẹ́ ECONET, tí ọmọ yunifásítì orí òkè ń lò. Fóònù alágbèéká GSM kò tíì pé oṣù mẹ́fà tó dé Nàìjíríà. Ọmọkùnrin náà ní kò sí owó nínú káàdì òun, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pè, òun yóò gbé e wá fún wọn. Aránṣọ ní ó dáa. Ìsọlọ̀ kúkú kò jìnnà.

Aago mẹ́ta. Báráàkì Ìkẹjà, tí àwọn olóyìnbó ń pè ní Cantonment, wà láàárín ilé: Onígbọ̀ńgbò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Maryland lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, Máfolúkù àti Òṣòdì lápá ìsàlẹ̀. Ìdílé àwọn ṣọ́jà ń gbé inú rẹ̀. Wọ́n ń fọṣọ, wọ́n ń dáná, ọmọ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù. Ilé tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí wà nínú báráàkì kan náà. Ó ti gbó. Bọ́ǹbù ńlá, ọta àgbá, gùrùnéèdì àti ọta ìbọn ló kún inú rẹ̀.

Ìbúgbàù kékeré kan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2001. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sọ pé ó yẹ kí wọ́n kó àwọn nǹkan náà kúrò. Ọ̀rọ̀ náà wà nílẹ̀. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán yìí. Ilé tí bọ́ǹbù wà nínú rẹ̀ tí kò bú lónìí, tí kò bú lánàá, a máa dà bí ilé lásán lójú ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Bóyá lójú ọ̀gá tó yẹ kó buwọ́ lu ìwé pẹ̀lú.

Aago márùn-ún kọjá. Iná sọ ní ọjà kan lẹ́bàá báráàkì. Iná ọjà kì í ṣe ohun àjèjì ní Èkó. Àwọn kan ń kó ẹrù jáde. Àwọn kan dúró, wọ́n ń wò ó. Àwọn ọmọdé sún mọ́ ọn.

Ní Akoka, èéfín náà kò hàn. Ọyẹ́ bò ó. Ọmọbìnrin kan jókòó sórí àpótí níwájú ilé, wọ́n ń dirun fún un. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tán. Ìyá onírẹsì tó wà ní ìkóríta ń yọ́ epo nínú agbada dòdò.

Aago mẹ́fà, tàbí kí ó lé díẹ̀. Ilẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Omi inú bàsíà aránṣọ ṣe róbótó-róbótó láti àárín sí etí. Ó gbé ojú sókè, ó rò pé ọkọ̀ ńlá ló kọjá. Ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ kọjá tí kò sí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni ìró náà dé.

Kì í ṣe etí ni wọ́n fi gbọ́ ọ, àyà ni. Ilẹ̀kùn tó ṣí tì fúnra rẹ̀. Gíláàsì lúfà mẹ́ta já kúrò lójú fèrèsé òkè, wọ́n fọ́ sórí kọnkéré, wọ́n sì jìnnà díẹ̀ sí ọmọbìnrin tí wọ́n ń dirun fún. Kò ké. Ó dìde pẹ̀lú ìyarun lórí. Adìyẹ gbogbo àdúgbò dákẹ́.

Ìró kejì dé. Ó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo ènìyàn ti bọ́ sí títì. Orúkọ tí wọ́n ń pè é kò dọ́gba. Ẹnì kan ní Jésù ti dé, ó kúnlẹ̀ sójú títì. Ẹnì kan ní ilẹ̀ ló ń mì. Ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà ni, pé wọ́n ń wá àwọn Bin Laden kiri. Kò tíì pé oṣù márùn-ún tí wọ́n wó ilé gogoro méjì ní New York, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ló ń borí ìyókù. Àwọn ṣọ́jà fẹ́ gbàjọba.

Bàbá Láńlọ́ọ̀dù gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń di ògiri mú. Ó dúró lójú fèrèsé tí gíláàsì rẹ̀ ti já. Ó kọjú sí àríwá. Ìmọ́lẹ̀ pupa kan tàn lẹ́yìn òrùlé, ó sì kú. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Oókan. Eéjì. Ẹẹ́ta. Ó ń fi ìka lu ojú fèrèsé bó ṣe ń kà á. Ó ka mẹ́wàá. Ó ka mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nígbà tó pe ogún, ìró dé, ilé sì mì.

Ó dúró de ìmọ́lẹ̀ mìíràn. Ó kà á. Ogún.

Àwọn tó ń yin àgbá mọ nǹkan yìí dáadáa. Ojú ń rí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìró kì í yára bẹ́ẹ̀. Kìlómítà kan ń gbà á tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ẹni tó bá ka ogún, ohun tó ń bú náà fi nǹkan bíi kìlómítà méje jìnnà sí i. Bí wọ́n bá ń bọ̀, kíkà yóò máa dín kù. Bàbá kà á nígbà mẹ́fà. Kò dín.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ìkẹjà ni. Báráàkì. Wọ́n ti dìde síra wọn." Ó ní kí wọ́n gbé rédíò wá, kí wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa, tí wọ́n bá ti gbọ́ orin àwọn ológun láìsí ọ̀rọ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ìjọba ti yí padà.

Ó mọ ibi tó wà. Kò mọ ohun tó jẹ́.

Aago méje. Oòrùn ti wọ̀. Òṣùpá ti yọ, ó ku ọjọ́ kan kó pé, ọyẹ́ àti èéfín sì sọ ọ́ di pupa. St. Finbarr's Road kún. Àwọn tó ń bọ̀ láti ìhà Fadéyì àti Ṣómólú ń sáré lọ sí Yábàá. Àwọn tó ń bọ̀ láti Yábàá ń sáré lọ sí Bàrígà. Wọ́n ń pàdé ara wọn láàárín títì. Ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ìdí tó fi ń sá kúrò níbi tí òun fẹ́ sá lọ. Bàtà ẹsẹ̀ kan pọ̀ nílẹ̀. Agbada ìyá onírẹsì ti dojú dé, epo náà sì ń ṣàn sínú gọ́tà.

Ọmọ yunifásítì ti lọ pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó bá àwọn tó gba ọ̀nà inú ọgbà University of Lagos lọ. Ibi tí títì parí sí ni wọ́n dúró: etí ọ̀sà. Àwọn kan ru ẹrù. Àwọn kan pọn ọmọ. Ọ̀sà tẹ́ lọ níwájú wọn, òṣùpá ń tàn sórí rẹ̀, ìlà iná mọ́tò sì wà lórí afárá lókèèrè. Bí nǹkan bá bú, ojú omi a pọ́n. Ẹnikẹ́ni kò sún kọjá iyanrìn. Ọ̀sà kò fara pamọ́. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ rí i pé omi ni.

Aago méje àbọ̀. Aránṣọ ti di ẹrù. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó so gèlè mọ́ ìdí. Géètì wà ní títì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún mi."

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìsọlọ̀. Ọ̀dọ̀ àbúrò mi. Wọ́n ní àwọn ṣọ́jà ń bọ̀ láti Yábàá, láti ọsibítù wọn. Ìsọlọ̀ kò ní báráàkì."

"Ta ló rí wọn?"

"Gbogbo ènìyàn ló ń sọ ọ́, sà."

"Gbogbo ènìyàn kọ́ ló rí wọn."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn náà, ó bú u. Kò bú àgbàlagbà rí láyé rẹ̀. Ó ní bí nǹkan bá ṣe ọmọ òun nínú ilé yìí, ọwọ́ Bàbá ni òun yóò ti béèrè rẹ̀, láyé àti lọ́run. Àwọn ayálégbé méjì dúró tì í. Ọ̀kan di irin géètì mú, ó ń mì ín. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó jókòó sórí àpótí tí wọ́n ti ń dirun lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí wọ́n kúrò lójú fèrèsé, kí wọ́n tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n dojú délẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ ọ́ bó ṣe rí. Ìwà àgídí ni, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọta ń fò láti báráàkì náà, ó ń já sórí ilé ní àdúgbò tó jìnnà síra. Bí ọ̀kan bá já sórí òrùlé yìí, kò sẹ́ni tí yóò rántí pé Bàbá mọ ìró kà. Ohun tí wọn yóò máa sọ ní Akoka ni ti ṣọ́jà àtijọ́ tó ti ayálégbé mọ́lé títí iná fi jó wọn. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n lórí orúnkún. Ó tún ń kà.

Aago mẹ́jọ. Apá kejì ìlú. Àwọn tó sá kúrò nínú báráàkì, ní Máfolúkù àti ní Òṣòdì, ti gba ìwọ̀-oòrùn lọ. Wọ́n ń la Ìsọlọ̀ kọjá. Ohun tí wọ́n fi ojú ara wọn rí ni wọ́n ń sá fún: òrùlé tó fò, ògiri tó wó, irin gbígbóná tó ń já láti ojú ọ̀run. Ará Ìsọlọ̀ tí kò rí ìkankan nínú rẹ̀ gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lójú títì, ó sì jáde. Ẹni mẹ́wàá di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún di ohun tí a kò lè kà. Ìyá so ọwọ́ ọmọ pọ̀ mọ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ìró. Bí ẹnì kan bá dúró, àwọn tó wà lẹ́yìn a tì í.

Wọ́n dé Òkè-Afá, lẹ́bàá Èjìgbò. Ilé tán níbẹ̀. Níwájú wọn, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà, ó ṣókùnkùn, kò ní ògiri tó lè wó luni. Ẹnì kan kígbe pé ibẹ̀ ni kí wọ́n forí lé. Láàárín wọn àti oko náà, ilẹ̀ kan tẹ́jú, ó kún fún koríko. Ewé rẹ̀ ń dán díẹ̀ nínú òṣùpá.

Àwọn tó wà níwájú sáré lé e.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ kí wọ́n ké pé kí ẹnikẹ́ni dúró. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ké. Ìkẹjà ṣì ń bú.

Aago mẹ́sàn-án kọjá. Rédíò kò kọ orin ológun. Gómìnà Bọ́lá Tinúbú ló sọ̀rọ̀. Ó ní kí ará Èkó fara balẹ̀, kì í ṣe ìfipágbàjọba, ìjàǹbá ni, ilé ohun ìjà ní báráàkì Ìkẹjà ló gbiná. Ọ̀gágun George Emdin tó ń darí báráàkì náà tọrọ àforíjì lórúkọ àwọn ológun. Ó ní ilé ohun ìjà àtijọ́ ni, pé wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún un ṣe kí èyí tó ṣẹlẹ̀.

Bàbá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Iná?" Ó dákẹ́ pẹ́. Àwọn tí kò ní rédíò, àwọn tí NEPA ti mú iná wọn lọ, àwọn tó ti wà lójú títì láti aago mẹ́fà, kò gbọ́ rárá.

Aago mẹ́wàá. Ọmọ yunifásítì dé, iyanrìn kún bàtà rẹ̀. Wọ́n ṣí géètì fún un, wọ́n sì tún tì í. Aránṣọ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó jókòó. Ó wá rántí pé àbúrò rẹ̀ kò ní fóònù. Ọmọkùnrin náà rántí ọ̀rẹ́ kan tó ń gbé ní Èjìgbò. Wọ́n pè é. Kò wọlé. Wọ́n tún un pè. Gbogbo Èkó ló ń pe ara wọn.

Aago méjìlá òru. Ìbúgbàù kò dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n ó ti ń jìnnà síra. Ọmọdé ti sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀. Ẹnì kan ti gbá gíláàsì jọ sí igun. Aránṣọ kò sùn, kò sì bá Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá wà lórí àpótí lẹ́nu géètì. Nígbà tí iná bá tàn, ètè rẹ̀ a máa mì.

Aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, ọjọ́ Ajé. Ilẹ̀ mọ́. Ìkẹjà ṣì ń dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Yóò máa dún bẹ́ẹ̀ di ọ̀sán. Bàbá ṣí géètì. Aránṣọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láìkí i. Kò rí dáńfó. Ó fẹsẹ̀ rìn dé Yábàá kí ó tó rí ọkọ̀ kan tí yóò gbé e dé Òṣòdì, awakọ̀ náà sì gba ìlọ́po mẹ́ta owó.

Aago mẹ́wàá. Wọ́n ti ń fa ènìyàn jáde ní Òkè-Afá. Àwọn ọkùnrin tó mọ̀ wẹ̀ wọ inú kánáàlì pẹ̀lú okùn. Wọ́n ń fi ọ̀pá ya ewé sọ́tọ̀. Lábẹ́ ewé ni omi wà, abẹ́ omi ni ẹrọ̀fọ̀, àárín méjèèjì ni wọ́n wà. Ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ṣì di ọwọ́ ara wọn mú. Wọ́n tẹ́ wọn sórí koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ènìyàn sì ń gba àárín wọn kọjá, wọ́n ń wo ojú.

Agbègbè yìí kan náà ni ọkọ̀ òfurufú àwọn ológun, Hercules C-130, já sí ní 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, tí ènìyàn tó lé ní 150, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀gágun, sì kú nínú ẹrọ̀fọ̀. Àwọn kan tó dúró létí kánáàlì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yìí ti dúró níbẹ̀ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ Ajé náà ni Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wá sí báráàkì Ìkẹjà. Inú ń bí àwọn tó pàdé rẹ̀, òun náà fi ìbínú dá wọn lóhùn. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé òun kò tíì gbọ́ nípa kánáàlì nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn wà ní Ìkẹjà, níbi tí iná wà.

Aago kan ọ̀sán. Aránṣọ rí àbúrò rẹ̀ níwájú ilé kan ní Ìsọlọ̀, ó jókòó sílẹ̀, àwọn ọmọ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò ní bàtà. Ó ní àwọn bá èrò sáré dé ìtòsí kánáàlì náà. Ó ní èyí àbígbẹ̀yìn ló ní ìgbẹ́ ń gbẹ òun. Òun gbá a létí. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀, kò dìde. Òun fà á lọ sẹ́yìn ògiri kan. Àwọn tí àwọn jọ ń sá bọ̀ láti òpópónà àwọn kọjá lọ, obìnrin tó ń ta kẹrosínì, àwọn ọmọ rẹ̀, ọkùnrin tó ń tún rédíò ṣe. Nígbà tí ọmọ fi máa parí, ariwo kan ti ń bọ̀ láti iwájú tí òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, àwọn kan sì ti ń tì padà sẹ́yìn. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ní gbogbo ìgbà tó sọ ọ́, ibi tó ti gbá ọmọ létí ni ohùn rẹ̀ ń há sí.

Iye àwọn tó kú ní Èkó lálẹ́ ọjọ́ náà lé ní 1,000. Nínú kánáàlì, iye tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ lé ní 600. Àwọn tó pàdánù ilé kò dín ní 12,000. Òkè-Afá ni wọ́n sin púpọ̀ nínú àwọn òkú sí, ojúkan náà. Ìrántí tí wọ́n kọ́ wà níbẹ̀. Ní ọdọọdún, ní 27 oṣù Kínní, àwọn ìyá ń lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní Akoka. Aránṣọ ti kó àbúrò rẹ̀ àti àwọn ọmọ wá sínú yàrá kan ṣoṣo náà. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù gbé ìrẹsì wá fún wọn. Aránṣọ gba ìrẹsì, kò gbójú sókè. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kí ó tó kúnlẹ̀ kí i bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sì sọ pé ó ṣeun, Bàbá náà kò sì béèrè. Ó béèrè owó gíláàsì. Ìyẹn di ìjà mìíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ yunifásítì gbé àwòrán ilẹ̀ Èkó jáde, èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì aránṣọ. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n láti báráàkì Ìkẹjà dé Akoka: nǹkan bíi kìlómítà méje, bí Bàbá ṣe kà á. Bàbá ní kí ó wọn ti Òkè-Afá. Ó gbé rúlà náà lọ sápá òsì, kánáàlì jẹ́ ìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run tóóró kan lórí ìwé. Ó kà á. Nǹkan bíi méje.

Bàbá ní kí ó tún un wọ̀n. Ó tún un wọ̀n.